Ẹni Mẹ́tàdínlógún Tó Rin Ìrìn Bàdírù

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé àwọn ará Yunifásítì gbọ́n, màá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín á fi di ikọ́. Wọ́n mọ̀wé o, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé àti ọgbọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyá tó bí wọn. Èmi Sàfíátù, tí mò ń rán tàpólì ọkọ̀ àjàgbé ní Coconut lẹ́bàá Àpápá láti ọdún 1979, tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà, èmi ni mo kígbe pé, "Ẹ tan kámẹ́rà!" lọ́jọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń wò bọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ.

Lọ́dún 1989, ẹ̀wọ̀n kan já ní wọ́ọ̀fù Àpápá níbi tí Bàdírù ọkọ mi ti ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Irin tí ẹ̀wọ̀n náà gbé rọ̀ balẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Mo sunkún, mo bínú, mo bú ẹ̀wọ̀n, mo bú irin, mo bú ẹni tó kọ́kọ́ kan ọkọ̀ òkun láyé. Nígbà tí mo bú gbogbo wọn tán, ó wá ku ọ̀rọ̀ kan: ta ni yóò sọ fún Ìyá?

Ìyá ni ìyá tó bí ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí a lọ mú un wá láti Ìsẹ́yìn. Ojú fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí tó kù fún un, ó tó etí ènìyàn mẹ́ta. Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ gbogbo wa. Kí n tó wọlé kí n tó kí i, á ti ní, "Sàfí, ó rẹ̀ ọ́ lónìí o." Bí Lucky, wẹ́dà tó wà ní ojúlé kejì, bá ń kọjá, á ní, "Lucky, sálúbàtà rẹ ti já." Ó sì ti já lóòótọ́. Ti Bàdírù ni kò tilẹ̀ ní wàhálà kankan. Kó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní ìkángun àdúgbò ni, Ìyá á ní, "Ọmọ mi dé."

Ẹ̀gbọ́n Mansur, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Ìjọra, pe ìpàdé ẹbí. Ṣé ẹ mọ ìpàdé ẹbí, níbi tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A kì í já irú ìròyìn báyìí lu àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Bàdírù bá ọkọ̀ òkun lọ sí Jámánì." Gbogbo ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni, kí Ọlọ́run forí jì mí. Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n ló ń gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Jámánì yìí dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ọsibítù ní kí Bàdírù máa lọ sílé, Ẹ̀gbọ́n Mansur kò sì tíì ronú débẹ̀. Ọkọ mi fi ọ̀pá méjì sábẹ́ abíyá, ó wọlé, kọ́-tì, kọ́-tì. Ìyá gbé orí sókè.

"Ta nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n Mansur ló dáhùn. "Ayálégbé tuntun ni, Ìyá. Timothy lorúkọ rẹ̀. Odi ni."

Ẹ gbà mí o! Odi! Bàdírù tó jẹ́ pé bó bá pariwo ní wọ́ọ̀fù, àwọn tó wà lókè ọkọ̀ á dáhùn, òun ni wọ́n sọ di odi nínú ilé ara rẹ̀. Mo wo Ẹ̀gbọ́n Mansur bíi kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Bàdírù fi yadi. Bó bá fẹ́ omi, á na ìka. Ruqoyah ọmọ wa kọ́ bí a ṣe ń pe bàbá ẹni ní Bọ̀ọ̀dá Timothy. Bí inú bá bí Bàdírù sí mi, á kọ èébú sínú ìwé ìṣírò ọmọ náà, èmi náà á kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wa. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń ka lẹ́tà Jámánì tí a hùmọ̀ fún Ìyá, Bàdírù fúnra rẹ̀ á sì jókòó tì mí, á máa tọ́ka sí ibi tó fẹ́ kí n tẹnu mọ́. "Ìyá, òtútù ibí pọ̀. Ọ̀dùnkún ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́." Ìyá á ní kí n kọ èsì: "Bàdírù, máa da aṣọ bora. Má bá wọn jẹ ẹlẹ́dẹ̀." Bàdírù á mi orí pé òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, ó fi orí gbá pákó rẹ̀. Ó kígbe, "Yéè! Ìyá mi o!" Ìyá ta kìjí dìde.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn!"

"Rédíò ni, Ìyá," mo ní. "Eré orí rédíò ni."

Ìyá jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má pa rédíò yẹn o." Mo sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo lọ sunkún níbẹ̀.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí Iléyá dé, Ìyá sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú wa lẹ́rù. "Bí Bàdírù kò bá tíì dé kí wọ́n tó pa àgbò Iléyá, ẹ mú mi padà sí Ìsẹ́yìn. Ọmọ tó lọ sókè òkun láìdágbére fún ìyá rẹ̀, mi ò ní jókòó máa retí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ kú sílé." Bàdírù mú ìwé ìṣírò lọ́jọ́ náà, ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sínú rẹ̀: Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjì wọlé bá ìyá mi.

Ibi tí Dókítà Tẹjúmọ́lá ti wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Dókítà ìwé ni, Yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀rọ fún ara ènìyàn, orí ìrìn ọmọ aráyé sì ni ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ọsibítù ló ti rí Bàdírù. Ó ní òun ń ṣe ẹsẹ̀ kan tó ní orúnkún: igi, awọ, irin, sípíríǹgì kan nínú orúnkún, àti nọ́ọ̀tì méjì tí a lè fi mú un le tàbí kí a fi dẹ̀ ẹ́.

"Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun," ó ní, "ìrìn òyìnbó ló wà nínú rẹ̀. Tèmi, ìrìn ẹni tó ni ín gan-an ni màá fi sí i. Mo kàn fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ ni. Ṣé ẹ ní fídíò?"

Fídíò! Àwa ará Ajégúnlẹ̀! Fọ́tò kan ṣoṣo la ní, ti ọjọ́ yìgì wa, ìjókòó la sì wà nínú rẹ̀.

Dókítà fi bírò gbá eyín. "Kò burú. Ṣé àwọn aládùúgbò yín mọ ìrìn yín?"

"Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló mọ ìrìn mi," ni Bàdírù wí, ó sì fẹ àyà. Ìta la wà, odi lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ṣe kó kámẹ́rà wá sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́jọ́ Sátidé. Ó tẹ́ rọ́bà dúdú gígùn sílẹ̀ bí ìgbà tí gómìnà ń bọ̀. Ó ń lẹ bébà funfun róbótó mọ́ ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kí kámẹ́rà lè rí oríkèé wọn. Ẹni mẹ́tàdínlógún tò, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti wá rin ìrìn Bàdírù.

Lucky ló kọ́kọ́ gorí rọ́bà. Ó gbé àyà síwájú, ó ń rìn bíi sọ́jà. "Na so Oga Badiru dey waka," ó ní. "Straight! Like general!" Mama Ifeyinwa tó ń ta táyà ní irọ́ ni, pé ìrìn Bàdírù ní ìfarabalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun rìn bíi bíṣọ́ọ̀bù tó ń lọ sí ibi pẹpẹ. Lèmọ́mù wa rìn, díákónì ìjọ tó wà níwájú ilé wa rìn, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí èjìká wo ni Bàdírù ń gbé sókè. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé àtẹ búrẹ́dì rẹ̀ rù nítorí kò rí ẹni gbé e fún, ó rìn tòun tàtẹ, ó wá ní kí Dókítà yọ búrẹ́dì kúrò nínú ìṣírò. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò yọ ọ́.

Bàdírù jókòó lábẹ́ igi, ó de fìlà funfun, ó ń dájọ́. "Èyí sún mọ́ ọn," á ní. "Èyí gan-an ni."

Irọ́ ni gbogbo wọn ń fẹsẹ̀ pa! Bàdírù kò fìgbà kan rìn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó já bọ́ lórí igi káṣú ní Ìsẹ́yìn, eegun ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì tò dáadáa. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ́ ọ nílẹ̀. Gbì, ṣáá. Gbì, ṣáá. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló mọ̀. Bó bá kọjá tán, Gbìṣáá ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n níṣojú rẹ̀ kẹ̀? Lójú ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tó de fìlà funfun, tó ń wò wọ́n? A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ọmọlúàbí ni gbogbo wọn, oníkálukú wọn sì fi ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ sọ ẹsẹ̀ náà di títọ́.

Mo ti pinnu pé bó bá kàn mí, màá wọ́ ẹsẹ̀. Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Bí èmi ò bá sọ òótọ́, ta ni yóò sọ ọ́? Mo gorí rọ́bà. Mo wo ọkọ mi, òun náà wò mí, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tó ti yadi, ọjọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dán. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo sì rìn ṣanṣan bí ìyàwó gómìnà. Mo bọ́ sílẹ̀, inú ń bí mi sí ara mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Dókítà gbé ẹsẹ̀ dé. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ tàpólì rán awọ tó fi ń so mọ́ ìbàdí, nítorí èyí tí Dókítà rán, ọmọ ọwọ́ lè já a. Ẹnu ń ya Dókítà. "Ẹni mẹ́tàdínlógún," ó ní, "ohun kan náà ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn sọ! Kọ̀ǹpútà wa kò rí irú rẹ̀ rí. Ìrìn yín pé pérépéré."

"Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀," ni Bàdírù wí, kò sì wo ojú mi.

Marine Beach la ti ń fi ẹsẹ̀ náà kọ́ ìrìn, kí etí Ìyá má baà gbọ́. Àwọn apẹja pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń wo ọkọ mi bó ṣe ń yan lọ yan bọ̀ lórí yanrìn. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí Iléyá dé, Ẹ̀gbọ́n Mansur ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Bàdírù ti Jámánì dé. A háyà takisí láti ìkángun àdúgbò dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ìrìn tí ìṣáná mẹ́ta ò ní tíì jó tán kí èèyàn tó parí rẹ̀. A gbé àpótí òfìfo sẹ́yìn rẹ̀. Dókítà tẹ̀ lé wa tòun ti kámẹ́rà rẹ̀, ó ní fún ìwádìí ni. Awakọ̀ fun fèrè bí ẹni gbé ìyàwó.

"Ìyá!" ni Ẹ̀gbọ́n Mansur ké. "Bàdírù yín ti Jámánì dé o!"

Ìyá jókòó ní pálọ̀, ó ti wé gèlè rẹ̀ tó dára jù. Bàdírù wọlé. Kò, kò, kò, kò. Ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba bí aago. Ó dúró níwájú rẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ìyá, èmi rèé."

Ìyá tẹ́tí. "Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní. "Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ta ni?"

Ẹ̀yin! Ìyá tó bí i ló ń pè é ní ẹ̀yin. Mo wo ojú Bàdírù, mo mọ̀ pé irin wọ́ọ̀fù kò dùn ún tó báyìí.

"Ìyá, èmi Bàdírù ni. Ẹ gbọ́ ohùn mi."

"Ohùn?" Ìyá ní. "Rédíò ilé yìí pàápàá ní ohùn ọmọ mi." Ó yíjú sí apá ibi tí Ẹ̀gbọ́n Mansur dúró sí. "Mansur, ìgbà wo ni àbúrò rẹ kú?"

"Kò kú, Ìyá," ni Ẹ̀gbọ́n Mansur fi ohùn tínínrín wí.

"Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí bàbá yín kú, ta ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó lọ sí Kùmásí? Èmi ni. Ọdún méjì ni mo fi ń jíṣẹ́ Kùmásí fún ìyá arúgbó náà. Mo mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a ò háyà ẹnikẹ́ni kó wá máa jẹ́ orúkọ òkú!" Ó tú gèlè rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀. "Àkànní, Bàdírù ọmọ mi o! Wọ́n ti sin ọ́, wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ o!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún òkú ọmọ rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Bàdírù ń sunkún, Ẹ̀gbọ́n Mansur ń sunkún, awakọ̀ takisí tí kò mọ nǹkan kan ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò lè gba èyí mọ́ra mọ́. Mo pariwo, "Wọ́n gé e lẹ́sẹ̀ ni, Ìyá! Kò lọ sí Jámánì! Igi lẹ gbọ́ yẹn!" Mo da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ti ẹ̀wọ̀n, ti irin, ti ọsibítù, ti Dókítà. Ọ̀rọ̀ odi nìkan ni ojú tì mí láti sọ.

Ìyá nu imú. "Sàfí, oṣù mẹ́wàá lẹ fi pa irọ́ Jámánì fún mi. Èwo ni mo fẹ́ gbà gbọ́? Igi ni o, irin ni o, ẹni tó kọ́ ọkùnrin yìí ní ìrìn Bàdírù kò rí Bàdírù rí. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí ọmọ mi ṣe ń rìn?"

Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan ògiri. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lélẹ̀: gbì. Ó wọ́ tọ̀tún tẹ̀ lé e: ṣáá. Gbì, ṣáá. Ìyá arúgbó, kò sí gèlè lórí rẹ̀ mọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ tó ti fọ́, ó ń rin ìrìn ọmọ rẹ̀ kiri pálọ̀. Lucky àti Mama Ifeyinwa wà lójú fèrèsé, wọ́n sorí kọ́. Ìka tí gbogbo wa ò lè kà, ẹni tó bí i ló kà á.

"Ẹ tan kámẹ́rà!" mo kígbe mọ́ Dókítà. "Kí lẹ̀ ń wò? Ìwádìí yín nìyẹn!"

Dókítà tan án. Nígbà náà ni Bàdírù fa àga, ó jókòó, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló sọ. "Òótọ́ ni, Dókítà. Mò ń wọ́ ẹsẹ̀ ni. Ẹ bá mi ba eléyìí jẹ́."

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe orúnkún tí kò ní máa wọ́lẹ̀!" Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

"Ẹ fún mi ní sípánà," mo ní. Kò fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀, ó wo Ìyá bó ṣe ń rìn, ó dẹ nọ́ọ̀tì kan, ó tún wò ó, ó dẹ ìkejì. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aláìsàn ní kí a dín iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kù, ìdí rẹ̀ kò tíì yé òun.

Bàdírù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kò gba takisí. Ó lọ títí dé ìkángun àdúgbò. Ìyá ti jókòó padà, ó kẹ̀yìn sí wa, kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. "Him don turn!" ni Lucky ké láti ìta, pé ó ti ń yí padà bọ̀. A ò gbọ́ nǹkan kan, àwa tí etí wa dá. Ìyá ló gbé orí sókè.

"Ọmọ mi dé," ó ní.

Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àwa tó gbọ́ ọ. Gbì, ṣáá. Gbì, ṣáá. Bàdírù wọlé, Ìyá sì fi igbe bọ̀ ọ́. "Bàdírù! Ibo lo wà láti ọjọ́ yìí? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyá? Wá síbí, ìwọ ọmọ yìí! Jókòó!" Ìwọ ló pè é. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ Ẹ̀gbọ́n Mansur.

Bàdírù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá fọwọ́ tọ ẹsẹ̀ náà láti ibi tí ẹran pin sí dé ibi tí igi pin sí, ó fi ìka kàn án, kó-kó. Ó sunkún díẹ̀. "Ọ̀tún yẹn náà ni," ó ní. "Èyí tí mo pọ̀n ọ́ tìtorí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn atòeegun fún oṣù mẹ́ta." Ó nu ojú. Ó wá dà bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Odi yẹn ńkọ́? Timothy. Mi ò gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ látàárọ̀."

Ẹ̀gbọ́n Mansur wo ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti kó lọ, Ìyá," ni Bàdírù wí.

"Ẹ ò sì jẹ́ kí n dágbére fún un. Bí ẹ bá ti jáde tán lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló máa ń wá jókòó sí, á máa sunkún. Kò lóhùn, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń bá a bẹ Ọlọ́run pé kó dá a padà fún ìyá rẹ̀."

Bàdírù gbé orí lé e nítan. "Àmín, Ìyá," ó ní.